Ejò Tó Ṣán Yín, Kì Í Ṣe Àjẹ́ Ló Rán An

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe èyí tí a kàn ń ṣe àmín sí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Òjò ti dé, ejò náà ti dé. Bí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí ní Ìbàdàn, fóònù àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run kì í sinmi. "Dádì, a bá ejò nínú ilé ìdáná wa ní Bódìjà." "Dádì, ejò kan ń wọ́ lọ lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní Agbowó." "Dádì, ejò ti ṣán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi o, ẹ bá wa gbàdúrà!" Ìbéèrè kan ló sì máa ń tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, bóyá alẹ́ ni tàbí òwúrọ̀: "Dádì, ta ló rán an?"

Ìbéèrè yẹn la fẹ́ dáhùn lónìí. Ìdáhùn wa kò gùn rárá. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Eku ló ń wá. Bó bá sì ti ṣán ènìyàn, ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ ni ilé ìwòsàn. Kì í ṣe iwájú pẹpẹ, kì í ṣe orí òkè àdúrà, kì í sì í ṣe ilé bàbá oníṣègùn. Ẹ gbàdúrà o! Ẹ gbà á nínú ọkọ̀, ẹ gbà á lórí ọ̀kadà, ẹ gbà á lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ti máa lọ.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀ wa náà ti ń sọ̀rọ̀ bí aláìgbàgbọ́." Rárá o. A gbà pé Sátánì wà, a gbà pé ọ̀tá wà, a sì ń ṣe ìṣọ́ òru lórí rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ká má gbé iṣẹ́ tí ejò fi ara rẹ̀ ṣe fún àjẹ́, torí pé ìgbà tí a bá ń wá àjẹ́ kiri, oró ejò kò ní dúró dè wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ejò fúnra rẹ̀.

Ara ejò kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Tí òtútù bá mú un, ó ní láti wá ibi tó móoru lọ. Tí oòrùn bá mú jù, ó ní láti wá òjìji. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń bá a lábẹ́ páànù, láàrin òkìtì búlọ́ọ̀kù, tàbí lórí títì ọ̀dà lálẹ́, torí pé ọ̀dà ṣì ń móoru lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Kò ní etí lóde orí bíi tiwa, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá dún lórí ilẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ahọ́n tó ń yọ sóde yọ sóde yẹn, kì í ṣe pé ó ń ṣépè fún yín. Òórùn ló fi ń gbọ́.

Kí ló wá ń ṣe ní Bódìjà? Ọjà wà ní Bódìjà. Àgbàdo, ẹ̀wà, gàrí, ìrẹsì wà níbẹ̀. Eku tẹ̀ lé oúnjẹ, ejò tẹ̀ lé eku. Kí ló ń ṣe ní Agbowó? Pàǹtírí pọ̀ lẹ́yìn ilé, ilé tí wọn ò kọ́ parí pọ̀, koríko sì ti bo ilẹ̀ tí kò ní olùtọ́jú. Ní ìhà Ring Road àti Challenge, ẹ ó rí ilẹ̀ tí ẹnìkan rà láti ọjọ́ pípẹ́, tó mọ ògiri yí i ká, tó sì fi sílẹ̀ fún igbó. Ẹni tó ni ilẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ejò ló ń bá a gbé e.

Ẹ má sì gbàgbé omi. Àwọn àgbà Ìbàdàn ò lè gbàgbé Ògùnpa, bó ṣe ya wọ ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Àwọn ọ̀dọ́ náà rí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Omi tó lé ènìyàn kúrò nílé, ihò ilẹ̀ ló kọ́kọ́ kún. Ibo ni ẹ fẹ́ kí ejò sá sí? Ibi tó ga, tó gbẹ, ló ń wá bí gbogbo wa ṣe ń wá a. Tó bá wá jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ló gbẹ, ṣé àwọn ará ilé bàbá yín ló júwe ọ̀nà fún un ni?

Ohun tó wá yà wá lẹ́nu jù lọ nínú ìwà ejò ni pé kò fẹ́ wàhálà wa. Oró rẹ̀ ni irinṣẹ́ tó fi ń pa oúnjẹ. Ènìyàn kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, kò lè gbé wa mì. Tó bá wá fi oró ṣòfò lára wa, ó di ọjọ́ mìíràn kó tó ní èyí tó pọ̀ tó láti fi pa ẹran. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń kìlọ̀ kí wọ́n tó ṣán ni.

Ejò kan wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní rattlesnake. Kò sí i nílẹ̀ Áfíríkà rárá. Láti Kánádà títí dé Ajẹntínà ló ń gbé, oríṣi rẹ̀ sì ju 30 lọ. Ká ní ó wà lọ́dọ̀ wa ni, ejò oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni Yorùbá ì bá máa pè é. Nǹkan líle kan wà ní ìparí ìrù rẹ̀, irú ohun tí èékánná wa jẹ́, tó tò léra léra. Ìgbàkígbà tó bá bọ́ awọ, ọ̀kan á tún fi kún un. Tí ẹnìkan bá sún mọ́ ọn, yóò gbọn ìrù yẹn ju ìgbà 50 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa dún ṣàà, ṣàà, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí ewé gbígbẹ. Ohun tó ń sọ ni pé, "Èmi rèé o, ẹ má tẹ̀ mí." Ihò kékeré kan tún wà láàrin ojú àti imú rẹ̀ tó fi ń mọ ooru ara eku nínú òkùnkùn biribiri. Erè tiwa náà ní irú ihò bẹ́ẹ̀ létí ẹnu. Ọlọ́run tó dá a mọ ohun tó ń ṣe.

Tiwa ńkọ́? Àwọn tiwa náà ń kìlọ̀. Ejò kan wà tó pọ̀ ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carpet viper. Kò tóbi rárá, ṣùgbọ́n òun ló ń pa àwọn àgbẹ̀ jù lọ lọ́hùn-ún. Òun kò ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nídìí, àmọ́ á ká ara rẹ̀ jọ, á máa fi ìpẹ́ ha ìpẹ́, á máa dún bí ìgbà tí omi bá ta sínú epo gbígbóná. Paramọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ á fẹ́ ara rẹ̀ bíi bàlúù, á máa fín kíkankíkan. Sèbé á nà ró, á fẹ ọrùn. Irú rẹ̀ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé itọ́ oró ló máa ń tu síni lójú láti òkèèrè, kí ènìyàn lè fi í sílẹ̀ kó ríbi lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Ọ̀tá tí wọ́n rán wá pani, ṣé á máa lu agogo kó tó wọlé? Apànìyàn wo ló ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà?

Òótọ́ ni pé paramọ́lẹ̀ kì í sábà fín tó bá rò pé ẹ ò tíì rí òun. Àwọ̀ rẹ̀ bá ewé gbígbẹ àti erùpẹ̀ mu, nítorí náà dídúró jẹ́ẹ́ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá gùn ún lẹ́yìn ló tó ṣán yín. Kì í ṣe ìkórìíra ló fà á, ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Tọ́ọ̀ṣì ₦1,000 ì bá sì ti yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè yìí, ejò ni a máa ń kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ lé lórí. Àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ bá rú wa lójú, "ọwọ́ ejò ti wà níbẹ̀." Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2018, nígbà tí ìròyìn gba ìlú kan pé owó JAMB tó tó mílíọ̀nù 36 náírà pòórá ní ọ́fíìsì wọn ní Makurdi. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan sọ fún àwọn tó wá yẹ ìwé owó wò pé ejò abàmì ló gbé e mì. Gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín. Àwọn EFCC tilẹ̀ fi ṣe àwàdà lórí Twitter pé idì àwọn kì í fojúure wo ejò. A rẹ́rìn-ín, àbí? Ó pa wá lẹ́rìn-ín torí pé a mọ̀ pé ejò kì í ná owó.

Ó dáa. Ẹni tó rẹ́rìn-ín ní 2018, kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tí ejò bá ṣán ọmọ rẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó rán an? Irú ìtàn kan náà ni. Ti JAMB fẹ́ gba ẹnìkan lọ́wọ́ ìṣirò owó, tiwa sì ń gbà wá lọ́wọ́ roro oko tí a kò ṣe, pàǹtírí tí a kò kó, àti owó ọkọ̀ tí a kò fẹ́ san dé ilé ìwòsàn.

Àgbẹ̀ kan wà tí ìdílé rẹ̀ ń jọ́sìn lọ́dọ̀ wa. Ejò ṣán an lẹ́sẹ̀ lóko rẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ní òun mọ oògùn ejò. Ó fi rọ́bà dì í lẹ́sẹ̀ pinpin, ó fi abẹ sín in, ó fi ewé bò ó. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Láàrin ọjọ́ méjì yẹn, àwọn ẹbí ò gbájú mọ́ ẹsẹ̀ tó ń dúdú. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe: ta ló rán an? Ẹnìkan dárúkọ àbúrò bàbá wọn, torí pé wọ́n ti jà lórí ilẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹsẹ̀ gbà. Lónìí, arákùnrin yìí ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn. Àbúrò bàbá yẹn kò sì wọ ilé wọn mọ́ títí dòní. Ejò kan ṣoṣo ṣán ènìyàn kan ṣoṣo, ó gba ẹsẹ̀ kan, ìtàn "ta ló rán an" sì pín ẹbí sí méjì. Nínú méjèèjì, èwo ni iṣẹ́ Èṣù? Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn.

Ẹ wá gbọ́ o. Ká tilẹ̀ gbà fún yín pé ẹnìkan rán ejò yẹn. Ká gbà á. Oró tó wọ ara ọmọ yẹn, ṣé ó yí padà ni? Oró ejò náà ni. Tí ọ̀tá yín bá fi ìbọn yìn yín, ṣé inú ìsìn ìtúsílẹ̀ ni ẹ ó ti máa yọ ọta, àbí ní tíátà? Ẹ lọ yọ ọta ná. Tí ara bá yá, ẹ wá bá wa, a ó jọ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tá.

Àwọn kan á ní, "Máàkù 16 ńkọ́, Pásítọ̀? Ṣebí Jésù sọ̀rọ̀ nípa gbígbé ejò lọ́wọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó mú un báyẹn gẹ́lẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ Tennessee lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1910, oníwàásù kan tí ń jẹ́ George Went Hensley bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rattlesnake lọ́wọ́ nínú ìsìn. Pẹ́ńtíkọ́sì bíi tiwa ni. Àwọn èèyàn tẹ̀ lé e, ó sì tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ejò ṣán an lọ́pọ̀ ìgbà, kò kú, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀rí. Ní oṣù keje ọdún 1955, ní Florida, ejò tún ṣán an, ó kọ ìtọ́jú, ó kú. Ní ọdún 1983, oníwàásù kan ní West Virginia kú nípa ejò bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Mack Wolford, tó rí ikú bàbá rẹ̀, di oníwàásù tó ń gbé ejò, rattlesnake ló sì pa òun náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2012. Ní oṣù kejì ọdún 2014, Pásítọ̀ Jamie Coots ní Kentucky, tí tẹlifíṣọ̀n National Geographic ti ṣe ètò nípa rẹ̀, gbé rattlesnake nínú ìsìn, ó ṣán an lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá bá a nílé. Wọ́n dá wọn padà. Ó kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

A kò sọ ọ́ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n gba ohun tí wọ́n gbà gbọ́ gan-an. Àmọ́ ẹ wo ohun kan: ní Amẹ́ríkà kan náà, àwọn tí ejò olóró ń ṣán lọ́dún kan tó 7,000 sí 8,000, bí 5 péré ló ń kú nínú wọn. Kí ló fà á? Ilé ìwòsàn ni wọ́n sáré lọ. Ejò kan náà ló ṣán gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28. Pọ́ọ̀lù kò wá ejò lọ. Igi ló ń ṣà sínú iná fún àwọn tí òtútù ń mú. Ejò jáde torí ooru iná, bí ejò ṣe máa ń ṣe. Ẹ wá wo àwọn ará erékùṣù yẹn: kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọkùnrin yìí, pé òrìṣà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló rán an" náà ni wọ́n ń bèèrè! Ìgbà tí kò kú, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní ọlọ́run ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣì í. Pọ́ọ̀lù kò gbà wọ́n gbọ́ nínú méjèèjì. Ó gbọn ejò dànù, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ta ló sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ fún wa? Lúùkù. Iṣẹ́ kí ni Lúùkù ń ṣe? Kólósè orí 4 sọ ọ́: oníṣègùn ni. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó fọ́ yẹn, dókítà wà láàrin wọn.

Nígbà tí Sátánì sì fẹ́ kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì, Sáàmù 91 ló fà yọ, Sáàmù kan náà tó sọ̀rọ̀ nípa títẹ paramọ́lẹ̀. Ẹ padà lọ ka Mátíù orí 4. Jésù kò ní Sáàmù náà kì í ṣe òótọ́. Ó ní a kì í fi í dán Ọlọ́run wò. Ààbò Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ẹ jókòó sílé pẹ̀lú oró lára.

"Ṣùgbọ́n Pásítọ̀, a mọ ẹni tí wọ́n gbàdúrà fún nìkan, tó sì yè." A gbà. Ọlọ́run ń ṣe iyanu, a kò jẹ́ bu iyanu ẹnikẹ́ni kù. Àmọ́ ẹ tún gbọ́ èyí. Kì í ṣe gbogbo ejò ló ní oró tó lè pani. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pa lẹ́yìn ilé wa kò ní. Èyí tó ní oró pàápàá, nígbà mìíràn á ṣán ènìyàn láìtu oró sí i lára. Eyín á wọlé, oró kò ní wọlé. Ẹni bẹ́ẹ̀ máa yè bó mu àgbo, bó fi òkúta dúdú lé e, bó sì jẹ́ pé ó kàn jókòó ló ń jẹ ẹ̀pà. Ibẹ̀ ni òkúta dúdú ti ń gba orúkọ. Ibẹ̀ ni bàbá oníṣègùn ti ń ní ẹlẹ́rìí. Àwọn tí oró wọ ara wọn ní tòótọ́ tí wọ́n sì fi òkúta lé, wọn ò sí láyé mọ́ láti wá jẹ́rìí sí i.

Kí wá ni oró yìí ń ṣe? Oró carpet viper ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàìdì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa yọ ní èrìgì, nínú ìtọ̀, nígbà mìíràn nínú ọpọlọ. Ti paramọ́lẹ̀ ń wú ẹsẹ̀, ó ń ba ẹran ara jẹ́. Ti sèbé, òmíràn ń ba ẹran ara jẹ́, òmíràn sì ń mú kí ìpéǹpéjú wálẹ̀, kí ènìyàn má lè gbé itọ́ mì, kí mímí wá nira. Dókítà ní ọ̀nà kan tó rọrùn tó fi ń mọ̀ bóyá oró ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́: á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́, á fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìfọwọ́ kàn án. Tí kò bá dì, oró ti ṣiṣẹ́.

Oògùn wà fún un. Antivenom ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fún ẹṣin ní oró ejò díẹ̀díẹ̀ títí ara ẹṣin á fi mọ bí a ṣe ń bá oró jà, wọ́n á wá yọ agbára yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní EchiTAb-Plus-ICP, Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ejò ilẹ̀ wa gan-an ni wọ́n sì ṣe ṣe é: carpet viper, paramọ́lẹ̀, àti sèbé tó ń tutọ́. Ní Kaltungo, ní Ìpínlẹ̀ Gombe, ilé ìwòsàn kan wà tó jẹ́ pé ìtọ́jú ẹni tí ejò ṣán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, àwọn àgbẹ̀ sì ń wá síbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Oògùn kan kò sì bá gbogbo ejò mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ fún ni, kì í ṣe kẹ́míìsì àdúgbò.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé láàrin 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni oró ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tí wọ́n pàdánù ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́, tàbí tí wọ́n di aláàbọ̀ ara, sì tó ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. Ní ọdún 2017, wọ́n kà á mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Àwọn tí a pa tì wo? Àgbẹ̀, darandaran, ọmọ kékeré. Àwọn èèyàn tó kún inú ìjọ wa nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, tí ejò bá ṣán ènìyàn, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pa mọ́ sórí fóònù yín.

1. Ẹ kúrò níbi tí ejò wà. Ẹ má lépa rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Orí ejò tí ẹ gé sọ nù pàápàá ṣì lè ṣán ni. Tí ẹ bá lè ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè, ó dáa; tí ẹ kò bá lè yà á, ẹ máa lọ.

2. Ẹ fọkàn ẹni náà balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ tàbí kó jókòó. Kó má sáré, kó má rìn bí ẹ bá lè gbé e.

3. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, aago, àti bàtà kúrò kí ibẹ̀ tó wú.

4. Ẹ fi igi tàbí páálí gbe ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà ró kó má baà máa mira. Ẹ má fi okùn tàbí rọ́bà dì í pinpin.

5. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹ má fẹnu fa á. Ẹ má da epo kẹrosíìnì, yìnyín, tàbí àgbo sí i. Ẹ má fi òkúta dúdú lé e. Ẹ má fún un ní ọtí mu. A fẹ́ fi kún un pé kí ẹ má da òróró àdúrà sójú ọgbẹ́. Ẹ lè fi kan iwájú orí rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́.

6. Tó bá jẹ́ pé ó tutọ́ síni lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ojú náà dáadáa fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ má fi ìtọ̀ tàbí oje ewé sí i.

7. Ilé ìwòsàn, kíákíá. Ẹnìkan gbé e, kí ẹlòmíràn máa pe ilé ìwòsàn lórí fóònù láti bèèrè bóyá antivenom wà nílẹ̀, kí ẹ má baà máa ti ibì kan dé ibì kan.

Kó tó ṣẹlẹ̀ rárá: ẹ ro ẹ̀yìn ilé yín, ẹ kó pàǹtírí, ẹ dí ihò ara ògiri. Ẹ máa gbé tọ́ọ̀ṣì lálẹ́. Ẹ wọ bàtà ojò lọ sóko. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò tí ẹ kò rí inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa tó kù, àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló kàn. Tí wọ́n bá gbé ẹni tí ejò ṣán wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ má kó o sínú yàrá àdúrà. Ẹ gbọ́wọ́ lé e ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wọ mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ mú nínú owó àánú ìjọ fi san owó ìtọ́jú, torí pé oògùn yìí wọ́n, ọ̀pọ̀ sì ń sá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn nítorí owó ju nítorí ìgbàgbọ́ lọ. Ẹ yan ẹnìkan nínú ìjọ tí yóò mọ nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ẹ sì dẹ́kun dídárúkọ ìyá arúgbó kan lórí pẹpẹ nítorí ejò tó tẹ̀ lé eku wọlé.

Ìjọba náà, a bẹ̀ yín. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí ejò bá ṣán ènìyàn ni ẹbí rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá oògùn kiri ìlú bí ẹni ń wá epo bẹntiróòlù. Kó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ oko, kó sì jẹ́ iye tí àgbẹ̀ lè san.

Nínú Nọ́ńbà orí 21, nígbà tí ejò ń pa Ísírẹ́lì, Ọlọ́run kò ní kí Mósè wá ẹni tó rán wọn jáde láàrin ìjọ. Ọ̀nà ìwòsàn ló fi hàn án, ó ní kó gbé e sókè níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Iṣẹ́ wa náà nìyẹn: ká gbé ọ̀nà ìwòsàn sókè kí àwọn èèyàn wa rí i.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ará oko, sí àwọn ọmọ yunifásítì ní Agbowó, sí gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ yín. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, a ó dáhùn.

Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ wa mọ́ ní àkókò òjò yìí. A kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, a kò sì ní tẹ ohun tó máa ṣán wa. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó ṣán ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọkọ̀ wà nítòsí, kí dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́, kí oògùn wà nílẹ̀, ní orúkọ Jésù.

Ó yá, ẹ lè kọ "Àmín" yín báyìí.